Mímú Ọmọ Kékeré Tó Ní Ọ́tísíìmù Lọ Wo Bọ́ọ̀lù ní Pápá

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí gbọ́dọ̀ yanjú kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ìdí tó fi fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí pápá. Bàbá tó dàgbà sí Ìbàdàn, tí bàbá tirẹ̀ ti gbé e kọ́ èjìká rí lọ wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, yóò fẹ́ kí ọmọ òun náà mọ pápá wọn ní Adámásìngbà, kó gbọ́ orúkọ Muda Lawal àti Segun Odegbami tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí, kó sì fò sókè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n. Ìfẹ́ tó dára ni, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó pa á tì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún tó ní ọ́tísíìmù lè jókòó sí pápá kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, kó má ṣe wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó jẹ́ pé àsíá tó wà lọ́wọ́ igbákejì rẹfirí tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni yóò tẹjú mọ́, kí inú rẹ̀ sì dùn débi pé yóò máa gbọn ọwọ́ méjèèjì fún ayọ̀. Òbí tó bá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àsíá yẹn náà jẹ́ ara bọ́ọ̀lù, tó sì lè bá ọmọ rẹ̀ wò ó tayọ̀tayọ̀, ti ṣe èyí tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé dá lórí ìyẹn: ohun tí ọmọ bá fẹ́ràn níbẹ̀ ni ẹ jọ máa gbádùn, ara rẹ̀ ni yóò sì máa sọ ìgbà tí ẹ máa wọlé, ibi tí ẹ máa jókòó sí àti ìgbà tí ẹ máa lọ.

Ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ni mo ní lọ́kàn, bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa fẹ́ràn.

Ẹ mọ irú ariwo tí ara rẹ̀ kò gbà

Ọ́tísíìmù kì í ṣe ìwà àìgbọràn, kì í ṣe emèrè, kì í sì í ṣe àìsàn tí a lè fi àgbo wẹ̀ kúrò lára. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà gbà ń gbọ́ràn, tó fi ń ríran, tó sì fi ń lóye ayé ló yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Láti ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣe àyẹ̀wò ti kà á mọ́ àwọn àmì rẹ̀ pé ohùn, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn lè wọ ọmọ náà lára ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó má tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lára tó. Ìdí nìyí tí ọmọ kan fi ń di etí nígbà tí wọ́n bá ń lọ ata lẹ́rọ, tí òmíràn sì ń fi ara ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìnáwó, tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, pápá kan náà kò sì lè rí bákan náà lára wọn.

Nítorí náà, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ máa ṣàkíyèsí ọmọ yín níbikíbi tí ariwo bá wà: ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ní ọjà Bódìjà, níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má wo bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó nìkan, ẹ wo irú ariwo tó jẹ́ pẹ̀lú. Oríṣi mẹ́ta ló wà ní pápá bọ́ọ̀lù. Èkíní ni èyí tó ń lọ láìdúró, bí ìlù àti fèrè àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ lè fara mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí etí wọn bá ti mọ bó ṣe ń lọ. Èkejì ni ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó máa ń han goooro lójijì tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó le jù lọ, ni igbe góòlù. Ohun tí gbogbo èrò tìtorí rẹ̀ wá sí pápá gan-an ni ohun tó lè da ọmọ yìí láàmú jù, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìṣẹ́jú tí yóò ṣẹlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bo ojú rẹ̀, wọ́n á sì máa fara gbún un láì béèrè. Ọmọ tó sunkún nígbà tí ẹgbẹ́ yín gbá bọ́ọ̀lù wọlé kò kórìíra bọ́ọ̀lù, ariwo náà ni ara rẹ̀ kò gbà.

Irú ìdíje tó yẹ kó kọ́kọ́ wò

Ẹ yan ìdíje nítorí ọmọ, ẹ má yàn án nítorí ẹgbẹ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Shooting Stars àti Remo Stars lè dùn mọ́ yín dé eegun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí pápá Lekan Salami ní Adámásìngbà, tó ń gba nǹkan bí 10,000 ènìyàn, bá kún dẹ́múdẹ́mú kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ kékeré yìí kọ́kọ́ fojú kan pápá. Èrò tèmi, tí mo sì dúró lé gbọn-in, ni pé ibi tí kò ní géètì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ: pápá ilé-ìwé tàbí ti àdúgbò, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní àárọ̀ Sátidé, tí ẹ lè dúró sí ọ̀nà jíjìn, tí ẹ sì lè máa lọ sílé nígbàkígbà láìsí pé ẹ ń la àárín èrò kọjá. Bí ó bá ti lè wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ lè wá ronú nípa pápá tó ní àga àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdíje àwọn obìnrin àti ti àwọn ọ̀dọ́ dára fún ìpele kejì yìí, nítorí èrò kì í sábà pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti líìgì ńlá, ẹ yan ọjọ́ tí àlejò tó ń bọ̀ kò ní orúkọ tó ń fa èrò. Pápá Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá ṣeé gbìyànjú: ẹgbẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025 ni wọ́n, síbẹ̀ pápá wọn kò fẹ̀ bí àwọn pápá ńlá tó wà láàárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣì mú, ooru sì máa ń tètè mú agbára ọmọ tí ariwo ti ń dà láàmú tẹ́lẹ̀ tán, nítorí náà ẹ sanwó fún ibi tó ní ìbòji bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ibi kan wà tí mo gba òbí níyànjú pé kó má gbé irú ọmọ yìí lọ rárá, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń fi tẹlifíṣọ̀n ńlá wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Yúróòpù. Yàrá kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sábà ju ẹyọ kan lọ, àwọn ènìyàn máa ń há mọ́ra wọn, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, igbe tó bá sì ta níbẹ̀ kò rí ibi jáde. Pápá gbangba sàn jù ú lọ fíìfíì.

Kò sì di dandan kó jẹ́ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Ọmọ tó fẹ́ràn kíka nọ́ńbà àti ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ lè gbádùn tẹníìsì orí tábìlì ju bí ẹ ṣe lérò lọ: kò-kò-kò ni bọ́ọ̀lù náà ń dún, àmì ayò 11 sì ni wọ́n fi ń pa geèmù kan. Ní Èkó, àwọn ìdíje ńlá rẹ̀ máa ń wáyé nínú gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tó wà ní pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, níbi tí àwọn èrò ti máa ń wá wo Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́. Eré sísá náà dára, nítorí kì í pẹ́: obìnrin tó ń sá 100 mítà tó sì ń fo igi yóò fo igi 10 péré, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sì parí tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, tí ẹlòmíràn kò sì tíì sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìbọn ni wọ́n fi ń dá eré sísá sílẹ̀. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń parí eré, ẹ má ṣe jókòó síbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó dé

Ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù máa ń balẹ̀ bí wọ́n bá ti mọ ohun tó kàn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí pápá náà ní ọjọ́ tí kò sí ìdíje, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà, géètì, àtẹ̀gùn, àga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ibi tí ẹ lè sá sí bí ariwo bá pọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ náà bá yín lọ, kó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ nígbà tó ṣófo. Ẹ to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí nǹkan yóò ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí wíwọ bàtà nílé títí dé orí oúnjẹ alẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, kí ẹ sì máa fi hàn án ní alaalẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú: “A ó wọ mọ́tò. A ó dúró ní géètì. Bọ̀dá kan yóò wo inú àpò wa. A ó jókòó. A ó wo bọ́ọ̀lù. A ó lọ sílé.” Ẹ má ṣe gbàgbé àwòrán ìpadàsílé. Fún ọmọ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀, àwòrán yẹn gan-an ni yóò nà sí yín nígbà tó bá fẹ́ máa lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá nà án, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun múlẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ wá fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí wọ́n gbá ní pápá yẹn, kí ẹ jọ máa wò ó nílé, kí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì máa fi kún un ní ọjọ́ kan sí òmíràn, bí a ṣe ń fi ata mọ ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra fèrè kékeré irú ti rẹfirí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà fọn ọ́n fúnra rẹ̀, nítorí ariwo tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ kì í bà á lẹ́rù tó èyí tó wá láti ibòmíràn. Bí ó bá fọn ọ́n títí tí etí yín fẹ́ ya, ẹ fara dà á.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń sọ iye àkókò fún un. Ìṣẹ́jú 45 ni apá kọ̀ọ̀kan, ìsinmi kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ọmọ tó fẹ́ràn nọ́ńbà yóò sì di èyí mú ṣinṣin. Nígbà tí aago bá wá kọjá 90 tí eré kò dúró, ìdààmú lè bá a gidigidi, kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹkún yóò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti fara balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹnì kan yóò gbé pátákó kan sókè tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, pé iye ìṣẹ́jú yẹn ni wọn yóò fi kún un, ó kéré tán, àti pé rẹfirí nìkan ló mọ ìgbà tí fèrè ìkẹyìn yóò dún. Bí ọmọ bá ti ń retí pátákó yìí, ó lè di ohun tó wù ú jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Kí ẹ sì máa lo ọ̀rọ̀ náà “bóyá” fún un dáadáa: bóyá òjò yóò rọ̀, bóyá ẹgbẹ́ wa yóò pàdánù, bóyá kò ní sí góòlù kankan. Ẹ má ṣèlérí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Etí, àpò àti ààbò

Ìbòtí ńlá tó ń bo etí méjèèjì, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń dé, ni mo kà sí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù. Èyí tó bá dára lè dín ariwo kù ní nǹkan bí 20 sí 30 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ti wúlò tó, ẹ rántí fèrè vuvuzela tí gbogbo ayé gbọ́ ní ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010: ariwo rẹ̀ lè tó 120 dẹ́síbẹ̀lì létí ẹni tó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ 85 péré ni àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi etí gbà ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Ẹ ra ìwọ̀n ti ọmọdé, nítorí ti àgbàlagbà máa ń yọ̀ kúrò lórí wọn. Ẹ jẹ́ kó máa dé e nílé níbi tó ti ń ṣeré, kó tó di ọjọ́ pápá, kó má bàa jẹ́ pé ohun àjèjì méjì ni ẹ kó bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi òwú rọ etí rẹ̀, nítorí kò lè dí ariwo tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè há sínú.

Nínú àpò, ẹ fi oúnjẹ tó mọ̀ tí kì í kọ̀ sí i, omi, aṣọ ìpààrọ̀, fìlà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè fi bo orí nígbà tó bá fẹ́ fi ojú pamọ́, àti ohun yòówù tó máa ń dì mọ́wọ́ nílé. Kò pọn dandan kó wọ jẹ́sì ẹgbẹ́. Aṣọ rẹ̀ tó ti rọ̀, tí ẹ ti gé ìwé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kúrò, sàn ju jẹ́sì tuntun tó ń yún un lára lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Pediatrics ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí wọ́n wádìí nípa wọn tó ti gbìyànjú láti sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ má ṣe dá lọ. Kí àgbàlagbà méjì wà, kí ọ̀kan nínú wọn sì gbà pé ọmọ nìkan ni iṣẹ́ òun lọ́jọ́ náà, pé òun kò wá wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ya fọ́tò ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, kí ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọwọ́ rẹ̀ àti sí inú ẹ̀wù rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò sáré lọ sí géètì bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kò rí i. Ojú títì àti ibi tí omi bá wà, ìbáà ṣe gọ́tà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ewu ti máa ń tètè dé.

Nígbà tí ẹ bá wà ní pápá

Ẹ tètè dé. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sàn kí èrò wá bá wọn níbẹ̀ ju kí wọ́n lọ bá èrò lọ. Ẹ jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà àga, nítòsí àtẹ̀gùn, ní ìdàkejì ibi tí àwọn onílù wà, kí ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ẹ̀yìn àwọ̀n. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bá òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi yìí ní ọ́tísíìmù. Bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, a máa sáré jáde, a sì lè fẹ́ padà wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ojú wa mọ̀.” Bí ẹ bá sọ ọ́ nígbà tí ara tu gbogbo yín, ó máa ń rọrùn fún wọn láti ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bá le.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi ìka yí orí ọmọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ wà ní gíga kan náà, kí ẹ sì wo ibi tó ń wò. Ó lè jẹ́ àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń mì. Ó lè jẹ́ ọmọdé tó ń bá wọn he bọ́ọ̀lù, tàbí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù, tàbí ẹyẹ lékeléke tó bà sórí koríko. Ẹ dárúkọ ohun náà ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, “àwọ̀n ń mì,” kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ sì dúró. Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè nílò àkókò púpọ̀ kó tó dáhùn, òbí tó bá sì ń sọ̀rọ̀ láìsinmi bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò yóò gba àkókò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wo ojú yín, tó tún wo àwọ̀n, tó tún wo ojú yín, ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù pọ̀ nìyẹn. Ọmọ mìíràn kò ní wo ojú yín rárá, ṣùgbọ́n yóò fi èjìká ti yín. Ohun kan náà ló ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun kékeré kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra nínú eré, kí ẹ sọ ọ́ di tẹ̀yin méjèèjì. Ní gbogbo ìgbà tí gólì, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ilé, bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti ẹnu ilé, ẹ jọ ka “ọ̀kan, méjì, mẹ́ta,” kí ẹ sì jọ fọwọ́ lu orúnkún nígbà tó bá gbá a. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ju bọ́ọ̀lù sínú pápá láti ẹ̀gbẹ́ ìlà, kí ọmọ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára ju góòlù lọ fún un, nítorí wọ́n máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ènìyàn máa ń rí i pé wọ́n ń bọ̀, ariwo wọn kò sì pọ̀. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun tó ń lọ ní pápá, ọmọ náà yóò ní ọ̀kan tó yé e dájúdájú, tó sì mọ̀ pé bàbá tàbí ìyá òun náà ń retí rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ eré ìdárayá ti ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nínú ìtàn àwọn akọni ẹgbẹ́, bí ó ti wù kí ìtàn náà dùn tó.

Nígbà tó bá ti fẹ́ pọ̀ jù

Kí ọmọ tó bú sẹ́kún ni ara rẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbólóhùn kan sọ léraléra, kó máa jẹ ọrùn ẹ̀wù, kó fi ọwọ́ di etí bó tilẹ̀ dé ìbòtí, kó máa rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, tàbí kó kàn dákẹ́ lójijì. Ẹ dìde ní àmì àkọ́kọ́. Ẹ má dúró de àmì kejì, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹgbẹ́ yín ní pẹ́nárítì. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ohùn yín rẹlẹ̀, kí ẹ fi àwòrán ibi ìdákẹ́jẹ́ hàn án, kí ẹ sì máa lọ sí ẹ̀yìn ògiri tàbí inú mọ́tò tí ẹ ti fi hàn án tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má béèrè ìbéèrè, ẹ má sì bá a wí. Ọmọ tí nǹkan ti pọ̀ jù fún kò lè gbọ́ ìbáwí nígbà yẹn, kò sì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n nà án fún. Bí ó bá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ dúró láàárín òun àti èrò, kí ẹ rí i pé kò sí ohun tó lè ṣe é léṣe, kí ẹ sì dúró dè é.

Àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan lè sọ pé ẹ ti kẹ́ ọmọ bàjẹ́, ọkùnrin kan sì lè sọ pé kí ẹ fún un ní ìgbájú kan kó lè gbọ́n. Ẹ múra ìdáhùn kan sílẹ̀ tó ní ọ̀wọ̀ tó sì kúrú: “Ẹ má bínú, mà. Ọ́tísíìmù ló ní, ariwo ló pọ̀ jù fún un. Ẹ bá wa fún un láyè díẹ̀.” Ẹ kò jẹ wọ́n ní àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ni kí ẹ kọjú sí.

Bí gbogbo nǹkan bá sì ń lọ dáadáa, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ sílé kí ó tó sú u. Ìdajì wákàtí tó dùn dára gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́, apá àkọ́kọ́ sì tó fún ìgbà kejì. Ẹ dẹ́kun nígbà tó ṣì ń wù ú, kó lè jẹ́ pé adùn ni yóò rántí nígbà tí ẹ bá tún dárúkọ pápá. Bí ẹ bá ní àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fẹ́ wo eré dé ìparí, ẹ wá ọjọ́ tiwọn fún wọn, kí wọ́n má bàa máa ka ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn sí ẹni tó ń gé ayọ̀ àwọn kúrú.

Àwọn tó wà lókè òkun, àti àwọn ẹgbẹ́ wa nílé

Àwọn ẹbí wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní kan tó yẹ kí wọ́n lò. Ní ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ Sunderland ṣí yàrá kan sí pápá wọn fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, lẹ́yìn tí ìyá àti bàbá kan tí ọmọ wọn kò lè fara da ariwo pápá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é. Arsenal ṣí tiwọn ní ọdún 2017, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti tẹ̀ lé wọn. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, fèrèsé gíláàsì ló dojú kọ pápá, ariwo kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, iná rẹ̀ kò mú jù, ohun ìṣeré sì wà. Ẹ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara nínú ẹgbẹ́ náà ṣáájú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí àyè rẹ̀ kì í pọ̀. Okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower, tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní ọdún 2016, náà yóò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọmọ yín lè nílò sùúrù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ pápá àti gbọ̀ngàn ló bá àjọ KultureCity ṣiṣẹ́, ẹ sì lè béèrè fún àpò tí wọ́n máa ń yá òbí, tí ìbòtí àti ohun ìdìmọ́wọ́ wà nínú rẹ̀.

Nílé níbí, òbí ni yóò wá ibi ìdákẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ títí. Òfin tó dènà ṣíṣe ojúsàájú sí àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún àwọn náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ yín. Ẹ má béèrè yàrá olówó ńlá lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n ya ìlà àga kan sọ́tọ̀ tó jìnnà sí àwọn onílù, kí wọ́n jẹ́ kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wọlé ṣáájú èrò, kí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà sì lè mú wọn padà wọlé bí wọ́n bá ti jáde. Kò sí èyí tó ná wọn ní owó ńlá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdílé púpọ̀ tó ń sé ara wọn mọ́lé ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù yóò sì lè jáde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ má ṣe gbé ohunkóhun mìíràn sí ọjọ́ náà. Kò sí àlejò, kò sí ìnáwó, kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ara ọmọ tó fara da pápá pẹ̀lú ìwà tútù lè wá tú jáde nílé, kó sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àárẹ̀ pápá ni. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó mọ̀, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe eré tó máa ń dá ṣe.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ jọ wo fọ́tò tí ẹ yà níbẹ̀. Fọ́tò tó bá mú, tó rẹ́rìn-ín sí, tàbí tó fi síwájú àwọn yòókù ni yóò sọ ohun tó gbádùn fún yín, ìyẹn sì ni ẹ máa fi ṣe ìpìlẹ̀ ìgbà tó ń bọ̀: bí àsíá bá ni, ẹ jókòó sí ìtòsí ìlà, bí nọ́ńbà bá ni, ẹ mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù dání kó lè máa kọ wọ́n sílẹ̀. Èyí tó bá tì kúrò náà ní ohun tó ń sọ, ẹ má ṣe fojú fò ó. Bí ó bá sì fi hàn pé òun kò fẹ́ lọ mọ́, ẹ gbà fún un láì fajúro. Ẹ lè jọ máa gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà, kó máa fọn fèrè rẹ̀, kó máa gbé aṣọ pupa kékeré sókè bí igbákejì rẹfirí, kí ẹ̀yin náà dúró nígbà tó bá gbé e. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó bá ti dàgbà díẹ̀ sí i, ẹ tún fi àwọn àwòrán náà hàn án, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti pápá àdúgbò tí kò ní géètì.